Ààtàn Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo ti kọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan láti ìgbà tí mo ti ń gbé Ìbà. Ọ̀kan nípa gọ́tà tó dí, ọ̀kan nípa òpó iná tó tẹ̀ sójú ọ̀nà àwọn ọmọléèwé, ọ̀kan nípa lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ tí wọn kò dáhùn. Wọn kò dáhùn ìyẹn náà. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n dáhùn, ọjọ́ kẹsàn-án géérégé.

Lẹ́yìn ilé tí mo háyà, òkìtì kan wà níbẹ̀ tó ga ju òrùlé wa lọ, koríko bò ó. Lọ́dún kan òjò wó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì rí inú rẹ̀: ìkarawun ìṣáwùrú, eérú, egungun ẹja, àpáàdì, eérú mìíràn, ìkarawun mìíràn, ìpele lórí ìpele. Ní yunifásítì, mo kọ́ nípa àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ ru erùpẹ̀ lẹ́bàá odò ńlá kan títí òkìtì wọn fi ga ju ilé alájà lọ. Ìlú wọn tú, ẹnikẹ́ni ò sì mọ orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pè é mọ́. Àwòrán ni mo fi mọ̀ wọ́n. Mi ò mọ̀ pé ibi tí mò ń sá aṣọ sí ni mo ti máa rí tiwa.

Ìyá onílé wa, ọmọ bíbí àdúgbò yìí, sọ fún mi pé ààtàn ni bàbá òun ń pè é. Ibẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ń da ilẹ̀ sí kí ìlú wọn tó tú. Ọkùnrin kan láti Ajángbádì ti wá ń wọn ilẹ̀ náà; ó ní igbó ni, ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ rí. Ìyá ò ní ìwé kankan. Òkìtì yẹn nìkan ni ẹ̀rí pé èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ìyá ní kí n kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n wá fi àmì síbẹ̀ pé ibi ìtàn ni.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, kí n lè kà á sí Ìyá létí kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i. Mo fẹ́ kó péye. Mo kọ ọ́ sókè gàdàgbà: ààtàn. Ìlà kejì ni mo ti sọ pé ti àwọn ará àtijọ́ ni. Mo lọ fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ ní Ìyànà-Ìbà, Ìyá tẹ̀ka sí i, mo sì fi ránṣẹ́.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹsàn-án, katapílà ti wá kó òkìtì náà, ó ti lọ. Ìyá jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ìyá ní àwọn ọmọ tó wà á wá kí òun dáadáa, pé ìjọba ló rán wọn. Ìyá rò pé àmì ni wọ́n wá fi síbẹ̀.

Ní ọ́fíìsì ìjọba náà, akọ̀wé kan fa lẹ́tà mi yọ. Ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé kí wọ́n tètè kó ààtàn náà.

“Mádáàmù, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?”

Mo ní èmi ni.

“A bá yín kó ilẹ̀, ẹ tún wá ń bínú. Àwọn kan ṣì ń bẹ̀ wá.”

Mo fi ìka tọ́ka sí ìlà kejì, pé àwọn ará àtijọ́; ìlà karùn-ún, pé kí wọ́n dáàbò bò ó. Ó ní ọ̀gá òun kì í kà kọjá ìlà àkọ́kọ́. Mo bi í níbi tí wọ́n dà á sí. Irà kan ní Òkòkòmáíkò ni. Mo débẹ̀. Àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù ti ń tẹ àpáàdì náà mọ́lẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bo apá kan.

Ìyá ní kí n tún lẹ́tà náà kà fún òun. Nígbà tí mo ka “ààtàn”, mo fi ìka bo ọ̀rọ̀ náà.

“Orúkọ ẹ̀ náà nìyẹn,” Ìyá ní. “Kọ òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, pè é ní ilé.”

Mo mú bírò. Omi òjò ti kún ihò tí katapílà fi sílẹ̀ níbi òkìtì náà, ọkùnrin Ajángbádì sì ti ri igi mẹ́rin mọ́ igun rẹ̀. Mo kọ “ilé”. Mi ò mọ ohun tí màá kọ tẹ̀ lé e.