Ọsàn Bàbá Àgbà

Òórùn èèpo ọsàn ṣì máa ń já mi láyà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù màámi dún ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ṣàngó. Mo gbọ́ ohùn àbúrò wọn: "Ara Bàbá ò yá díẹ̀. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Inú mi dùn pé díẹ̀ ni. Mo ní ká ra ọsàn fún Bàbá àgbà. Màámi ń bọ́ yẹtí wọn.

Mo gbé ọsàn lé itan dé agbo-ilé. Àwọn ọkùnrin ti ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílé wa, kí ẹni tó wà lókèèrè má baà ṣubú sójú títì.

Láàárọ̀ yìí, àbúrò mi pè. Ó ní ara màámi ò yá díẹ̀.

Mo bọ́ yẹtí mi.