Kọ́ọ̀dù Mẹ́rin Bàbá Onílé

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí bàbá onílé wa ní Bẹẹrẹ pè mí pé kí n wá fi fóònù mi ká orin sílẹ̀ fún àwọn. Wọ́n ní èmi nìkan ló mọ ẹnu pa mọ́ nínú ilé náà.

Ìyàwó wọn ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun tí ọmọ wọn bí l'Ókè-Àdó, oṣù kẹta rèé, ìyá kò sì mẹ́nu ba àtibọ̀. Bàbá kì í bẹ̀bẹ̀. Orin ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ràn kọ́ọ̀dù gìtá mẹ́rin kan tó máa ń dún bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Wọ́n ti ká a sínú fóònù tiwọn, ó ń dún lọ, wọ́n sì ń fi gìtá ta orin kékeré lé e lórí.

"Orin ayọ̀ kì í pẹ́ tán," ni wọ́n máa ń wí. "Tìbànújẹ́ ló ń wọ egungun."

Ṣùgbọ́n ojúde la jókòó sí, Bàbá kò sì lè gbọ́ ìkíni èrò ọ̀nà kí wọ́n má dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ohùn ara wọn bà á jẹ́, èmi ni wọ́n sì ń bínú sí. Nígbà kẹrin, ìyá ẹlẹ́kọ kọjá: "Ẹ kú ìgbádùn o."

"Òo, a dúpẹ́ o," ni Bàbá rọra dáhùn, láìdá gìtá dúró.

Èyí tí mo fi ránṣẹ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ tí ìyàwó Bàbá pè mí. "Orin yẹn dáa. Ta lobìnrin olóhùn jẹ́jẹ́ yẹn?"

Mo ní ẹlẹ́kọ ni. N kò sọ pé kò ku eyín kan lẹ́nu wọn.

"Ẹlẹ́kọ," ni wọ́n tún wí. "Má sọ fún bàbá pé mo béèrè o. Àárọ̀ ọ̀la ni mò ń bọ̀."