Ọjọ́ Tí Ẹja Gé Ìyá Ọkọ Mi Jẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nílé wa n'Ìkìrun. Ẹ̀ṣẹ̀ ni o, àmọ́ mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ní tánkì gíláàsì kan ní pálọ̀. Omi iyọ̀ ló wà nínú ẹ̀, torí pé ẹja òkun ló ń sìn. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o! Iyọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, Èkó ló ti ń wá. Ẹja méjì péré ló wà níbẹ̀, akọ àti abo, àwọ̀ wọn pọ́n bí ọsàn, ìlà funfun wà lára wọn. Abo ló tóbi jù, òun náà ló ń pàṣẹ. Síbẹ̀, kò gùn ju ìka àárín mi lọ.

Wọ́n rẹwà, àbí? Ẹ dúró ná.

Láti ọjọ́ tí abo yẹn ti yé ẹyin sára ìkòkò amọ̀ kékeré tó wà nísàlẹ̀ tánkì, ilé ti dàrú. Kò sẹ́ni tó lè ki ọwọ́ bọ omi mọ́! Ó gé ọkọ mi jẹ níbi tó ti ń nu gíláàsì. Ó gé èmi náà jẹ, mo sì pariwo débi pé aládùúgbò wa ń bi mí láti ojú wíńdò bóyá ejò ni. Eyín ẹ̀ kéré o, àmọ́ bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn ni.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi dé láti Òkukù. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ràn wọn, Ọlọ́run ń gbọ́. Àmọ́ ọwọ́ wọn kì í sinmi! Tí mo bá ti iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Iníṣà dé, màá bá a pé wọ́n ti tún kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná tò. Ibi tí iyọ̀ wà ti di ibi ọṣẹ. Wọ́n ti tún aṣọ mi ká, títí kan àwọn tí kò yẹ kí ìyá ọkọ rí. Ṣé kí n wá la ẹnu sọ pé ẹ má fọwọ́ kan ẹrù mi? Kí gbogbo Òkukù lè gbọ́?

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dúró síwájú tánkì, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní ìkòkò ìsàlẹ̀ yẹn dọ̀tí, àwọn á bá wa fọ̀ ọ́ tó bá di ọ̀la. Ó yẹ kí n kìlọ̀ fún wọn. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dé ẹnu mi! Mo kàn ní, "Ẹ ṣé, mà," mo bá gba ilé ìdáná lọ.

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Sátidé, mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́: "Yéè! Jésù! Kí leléyìí?" Mo rẹ́rìn-ín kí n tó sáré wọlé. Mo mọ̀, n kò ṣe dáadáa.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Mọ́mì ò ju ìkòkò náà sílẹ̀! Bí ẹja ṣe ń gé wọn jẹ tó, wọ́n ti fà á yọ, wọ́n ti gbé e dé síǹkì, kànìnkànìn ti wà lọ́wọ́ wọn. Abo ń forí gbá gíláàsì, akọ ń yí po bí ẹni tó sọ ọmọ nù lọ́jà. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti ń retí ẹyin yẹn!

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́! Ẹyin ni!"

Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n gbé ìkòkò náà sún mọ́ ojú. Ohun tí wọ́n pè ní ìdọ̀tí yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ojú méjì tó ń dán.

"Ìyàwó, àwọn ọmọ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde!"

Ẹ ò bá rí Mọ́mì! Wọ́n dà bí ẹni tó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kí n gbé asẹ́ wá kíá. Mo ri asẹ́ bọ omi, mo fi sé abo mọ́ igun kan, ó ń ta mọ́ ọn lára. Mọ́mì wá rọra gbé ìkòkò padà sáàyè ẹ̀. Akọ ráyè gé wọn jẹ. Wọn ò tilẹ̀ pariwo. Wọ́n ní àwọn ti gba ìgbátí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ obìnrin tó ń rọbí.

Nígbà tí a jókòó, wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ pé ẹja náà máa ń gé èèyàn jẹ. Mo wá irọ́ títí, n kò rí. Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ti ẹja, mo sọ ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo sọ ti aṣọ.

Àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín! "Ẹja ò lè sọ̀rọ̀, ló ṣe fi eyín sọ tiẹ̀. Ìwọ tíṣà ńkọ́?" Wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó dáadáa, torí àwọn náà ní ohun tí àwọn ti ń gbé mì nípa mi látọjọ́ ìgbéyàwó. Ha! Tèmi ò tó ìdajì tiwọn! Ata ọbẹ̀ mi nìkan gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwọn ẹyin yẹn pa. Púpọ̀ nínú wọn ò yè, torí ọmọ ẹja òkun ṣòro tọ́, àmọ́ Mọ́mì ṣì ń pè láti Òkukù láti béèrè àlàáfíà àwọn tó kù. Èmi, wọn kì í tètè béèrè mi.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó ń dùn ún, kó má gbé e fún ẹja. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé láti kìlọ̀ fún rí? Ẹ sọ ọ́ ní kọ́mẹ́ǹtì, ẹ má bẹ̀rù. Mọ́mì ò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rò bẹ́ẹ̀ ṣá.