Olómi Tó Ń Da Omi sí Sólà

Ọkọ ọmọ mi ni Olómi. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ibì kan náà la ti ń ṣiṣẹ́: à ń tẹ sólà sórí ọ̀rá tó nípọn, bí ẹni ń tẹ kàlẹ́ńdà. Ìyá Ìbejì ló ń tẹ íǹkì àkọ́kọ́, aláwọ̀ ìyeyè. Kó tó gbẹ, Olómi á kán omi kẹ́míkà sí i, íǹkì á sì di rúsúrúsú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á yan án nínú ààrò. Èmi á tẹ íǹkì dúdú lé e, ó parí. Bí oòrùn bá pa á, ó ń mú iná wá.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa obìnrin ní iṣẹ́ náà ti gùn jù.

"Mo máa yọ iṣẹ́ ẹnì kan kúrò nínú rẹ̀. Lọ́la, mo máa dúró wò yín."

Ẹ̀rù ba Olómi. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ mi, ti fẹ́ bímọ. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa kó wá. Yàrá kan ni mo ní.

"Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Da omi rẹ."

"Omi dídà! Ọmọ ọwọ́ lè dà á. Bí ọ̀gá bá rí i pé ó rọrùn báyẹn, mo gbé!"

Lọ́jọ́ kejì, Olómi fi táwẹ̀lì kọ́ ọrùn. Ó fẹsẹ̀ tilẹ̀. Ó gbé ìgò kékeré náà bí ẹni gbé ọlọ. Ó kán omi, ó ké "Yéè!" Ó nu òógùn tí kò sí. Ó kán òmíràn, ó di ìbàdí mú.

Ìyá Ìbejì ní, "Olómi, àbí ìwọ náà fẹ́ bímọ ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ ò mọ ohun tójú mi ń rí."

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà.

Àánú ṣe ọ̀gá. "Ṣé báyìí lo ṣe ń jìyà látọjọ́ yìí?"

"Ojoojúmọ́ ni, mà."

"O ò ní kú sí mi lọ́rùn o!"

Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbẹ. Atẹ́gùn fẹ́ sí íǹkì, íǹkì di rúsúrúsú, ó tún ń dán. Nígbà tó parí, a gbé e sóòrùn, a so gílóòbù mọ́ ọn, ó tàn yòò. Wọ́n kó ìgò omi kúrò.

Olómi ní, "Mà, kò kúkú le tó bẹ́ẹ̀!"

"Má tan ara rẹ. Mo rí ọ."

Wọ́n ní kó máa gbé ìdì ọ̀rá gun àtẹ̀gùn. Ìdì kan wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Òógùn gidi ló ń bọ́ lára rẹ̀ báyìí. Bí ọ̀gá bá ti yọ, á máa súfèé.

"Kò wúwo jù?"

"Bí ìyẹ́ ni, mà!"

Ọmọ mi ti bímọ. Ilé ọkọ rẹ̀ ló wà. Èmi nìkan ni mò ń sùn ní yàrá mi.