Búútà Tísà Kàmálù àti Agbádá Jímọ̀

Olóògbé Tísà Kàmálù ti àdúgbò Nima kì í gbé búútà àlùwàlá lásán, àfi kó kọ́kọ́ fì í yípo láti ìsàlẹ̀ dé òkè orí ná. Omi á kún un, ìdérí kò ní sí níbẹ̀, ẹ̀kán kan kò sì ní já bọ́. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní àgbàlá rẹ̀, ẹni tí kò bá sì fi búútà yípo, aláìmọ̀wé ló kà á sí.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ló sọ ọ́ di olókìkí. Fáìsátù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó fẹ́ di ẹnjiníà, lọ sọ nílé pé búútà lè dojú dé kí omi inú rẹ̀ má dà. Bàbá rẹ̀, Àáfà Kàsímù, wọlé wuuru pẹ̀lú agbádá funfun báláú.

"Kàmálù, idán lò ń kọ́ ọmọ mi! Ó ń lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lónìí."

"Kì í ṣe idán, Àáfà. Omi fẹ́ lọ tààrà ni, búútà ni kò gbà fún un."

Àáfà bọ́ agbádá rẹ̀. "Gbé èyí wọ̀, kí o fì í. Bí omi bá kàn án, mo mú ọmọ mi lọ. Bí kò bá kàn án, kó dúró ṣèdánwò girama ẹ̀."

Tísà gbé e wọ̀, búútà gbéra. Ó yípo, ó tún yípo. Wọ́n bá pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí.

"Dúró, kí o bọ́ agbádá mi!"

Tísà kò dúró. Fáìsátù wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé kò mọ bí yóò ṣe dúró nínú agbádá ńlá yẹn kí omi má kàn án. Ọwọ́ ti ń ro ó. Bó bá dẹ̀ ẹ́ lókè, omi dà, ìwé Fáìsátù tán.

"Tísà, ẹ má dẹ̀ ẹ́ lókè! Tó bá dé ìsàlẹ̀, ẹ bá a rìn lọ!"

Tísà bá búútà rìn. Ó la àárín àwọn ewúrẹ́ kọjá, ó dé ẹnu géètì, ó dúró. Ilẹ̀ gbẹ. Àáfà fọwọ́ kan ẹ̀yìn agbádá, ó tutù rinrin.

"Omi rèé!"

"Òógùn ni, Àáfà. Òógùn ò sí nínú àdéhùn wa."

Agbádá yẹn ni Àáfà wọ̀ ṣe lẹ́mọ́mù lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wà ní sàfù àkọ́kọ́, ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kò gbàgbé òórùn òógùn náà.

Tísà kì í sinmi ẹ̀kọ́ físíìsì nínú ọkọ̀ èrò trotro pàápàá. Níbi tí ọ̀nà ti yípo ní Circle, ó wó lu ìyá kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo kíkan wọn.

"Alata, ṣé èmi ni ògiri ẹ?" Alata ni àwọn onílẹ̀ ń pe àwa Yorùbá.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ara mi ló fẹ́ lọ tààrà, ọkọ̀ ló yà."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Sọ fún ara ẹ kó sọ̀ kalẹ̀, kó máa lọ."

Ọyẹ́ tó kọjá ni Tísà kú. Fáìsátù, tó ti di ẹnjiníà, wá sìnkú. Nígbà tí wọ́n dé láti ibojì, ó wá bàbá rẹ̀ títí, àfi lẹ́yìnkùlé Tísà ló ti rí i, tó ń fi búútà olóògbé yípo.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo fẹ́ wò ó bóyá ó tàn mí jẹ ni."

Nígbà tí búútà dé ìsàlẹ̀, Àáfà bá a rìn lọ, ó dúró. Búútà ṣì kún dẹ́nu. Ilẹ̀ gbẹ, agbádá gbẹ. Ojú Àáfà nìkan ló tutù, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń la gbogbo wa létè, kò sẹ́ni tó ń làágùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, àbí búútà ló ń jò?