Iná Ìgbẹ́ Lọ́nà Arandun

Ọjọ́ tí iná ìgbẹ́ ká èmi àti bàbá mi mọ́ ọ̀nà Arandun kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀sán ọyẹ́ ni. Alùpùpù àtijọ́ tí Bàbá gbé mi sí ṣàdédé kú, èéfín sì ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Epo kún táǹkì, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá yọ rọ́bà tó ń gbé e lọ sínú ẹ́ńjìnnì, kò kán rárá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sá."

"Dúró. Bá mi tú ìdérí táǹkì."

Bí mo ṣe tú u ni afẹ́fẹ́ wọ inú táǹkì, epo sì dà sí Bàbá lọ́wọ́. Eruku ló ti dí ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lára ìdérí náà. Ewé tó ń jó ti ń já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbá fẹ́ eruku náà dànù, wọ́n ti rọ́bà padà, wọ́n fẹsẹ̀ ta alùpùpù títí ó fi dáhùn, a sì gbéra. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ibi tí a ti dúró ti gbiná.

Nílé, Ìyá mi bi Bàbá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ epo kúrò lọ́wọ́ wọn; wọ́n fọ̀ ọ́ tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.