Àpótí Ìyá Tó Gbà Wá Lálejò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara mọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé díẹ̀ ni mo kà.

Àpótí kúkúrú kan ni mo fi ń rántí ìyá tó gbà wá lálejò ní Magodo, nígbà tí ẹgbẹ́ kan kó àwa ọ̀dọ́ láti ìlú oríṣiríṣi lọ gbé nílé onílé, kí a lè mọ àṣà ara wa. Obìnrin ńlá ni wọ́n, awakọ̀ ló ń gbé wọn kiri. Síbẹ̀, tí àlejò bá ń se oúnjẹ ìlú rẹ̀, orí àpótí yẹn ni wọ́n máa jókòó sí bí ọmọ iléèwé.

Ọmọ Kútọnu tí a jọ dé, tó ń kọ́ wọn ní oúnjẹ ìlú rẹ̀, pariwo lọ́jọ́ kan: "Mummy, ẹ ti jẹ́ kó jóná!"

"Ọ̀gá mi, ẹ má nà mí o!" ni ìyá náà fi dá a lóhùn.

Ẹnu yà mí.

Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti mú àgbàdo funfun tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí wọn jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ báàgì mi ni mo fi í pamọ́ sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, Aunty mi? Kí lẹ máa ń sè ní Ṣakí?"

"Ègbo àgbàdo funfun ni, mà."

"Èmi ò sè é rí! Ìgbà wo lo máa kọ́ mi?"



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rọra rẹ àgbàdo ìyá mi sómi, mo sì gbé àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì.